Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tó Sá Lọ Nínú Orin

Iná náà kò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ epo rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé igi ìṣáná bọ̀ lókè abọ́ pẹrẹsẹ tí mo da epo sí ni, ó ṣì ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ni iná bá fò kúrò lẹ́nu igi, ó bọ́ sínú abọ́, ó ń jó bí ẹni pé òun àti epo náà ti ń dúró de ara wọn láti àárọ̀. Mo fi ọmọrí ìkòkò bò ó mọ́lẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí.

Kẹrosíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì tó mọ́, tó sì tutù, bí ẹ bá ju ìṣáná tó ń jó sínú rẹ̀, á pa á ni, igi á kàn dún ṣíì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹntiróòlù ló máa ń sáré pàdé iná lọ́nà. Mo da òmíràn sínú abọ́, mo tún dán an wò, torí arúgbó kì í fẹ́ gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná tún fò. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ó jó mi ní irun ọwọ́.

"Màmá! Kí lẹ ń sun nínú balùwẹ̀?"

Abósẹ̀dé nìyẹn, olórí àwọn elégbè mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbè mí lẹ́sẹ̀ orin. Ó ti yọ orí sẹ́nu ọ̀nà, òjò ń kán ní gèlè rẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn."

"Òórùn irun ni mò ń gbọ́ o."

"Abósẹ̀dé, mo ní kí o ti ilẹ̀kùn! Ṣé imú ni wọ́n fi ń tì í ni?"

Ó wọlé, ó tì í. Ó rí abọ́, ó rí ìgò, ó rí ìṣáná lọ́wọ́ mi, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Màmá, kì í ṣe epo tí Etí orí òpó ti fi èdìdì dì lẹ ń dán wò yẹn o?"

"Òun ni. Mo bù ú nínú àwo tó wà lábẹ́ ẹnu páìpù."

"Yé! Ẹni tó bá dán ohun tí Etí ti dì wò, ó pe Etí ní òpùrọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi!"

"Etí kò purọ́. Sún mọ́ ibí, kí o wo ohun kan."

Mo ṣá ìṣáná kẹta. Nígbà tí iná fò, Abósẹ̀dé kò pariwo. Ó kàn kúnlẹ̀ sórí pákó tútù náà díẹ̀díẹ̀, ó ń wo abọ́.

"Gáráwà mélòó ló ti lọ?" ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Gbogbo ọgbọ̀n. Ọkọ̀ Lémíkàn ti gbéra láti ọ̀sán."

Òjò ń lu páànù lórí wa. Oṣù karùn-ún rẹ̀ nìyí nínú oṣù mẹ́jọ tí ojú ọ̀run fi máa ń ṣú lọ́dún báyìí. Àwọn àwo oòrùn tó ń fún wa níná, tó wà lórí gbogbo òrùlé láti ibí dé ìlú Ẹ̀rúnnà, ti sùn, ewé ti hù lórí wọn. Gbogbo ayé yòókù ti fi epo sílẹ̀, wọ́n ní ó ti di ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n wọ́n fún àwa ará etí òkun láyè òpó kan ṣoṣo, òpó ìfọpo Àgbékọ́, àti gáráwà ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn èèyàn tó ń gbé lórí omi lè rí àtùpà tàn, kí wọ́n sì rí sítóòfù dá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ẹ̀rúnnà ti wà nínú òkùnkùn kí a tó fọ epo tòní. Bí Lémíkàn, ọmọ tó ń kó gáráwà lọ fún wọn, bá gúnlẹ̀, wọn kò ní dúró kí ó so ọkọ̀ tán.

"Àtùpà," Abósẹ̀dé wí. "Wọ́n á bu ú sí àtùpà."

"Wọ́n á sì ṣá ìṣáná sí i," mo dá a lóhùn. "Dìde ńlẹ̀."

*

Ara mi ti fura láti àárọ̀. Bí mo bá kọ orin bẹntiróòlù tán, ó yẹ kí òógùn ti dé ibi tí mo ti lọ́ ìró mọ́ra, kí èémí mi máa fọn bí fèrè. Lónìí, gbogbo ara mi gbẹ bí ẹja tó ti pẹ́ lórí àgbá. Ijó ló ń wù mí! Mo ní ayọ̀ ni. Ayọ̀ náà sì ni lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dẹtì nìyẹn.

Epo rọ̀bì dà bí agbo ilé tó sùn. Bí a bá dáná sí ìdí òpó, gbogbo ará ilé kọ́ ló ń jí pọ̀. Bẹntiróòlù ló ń kọ́kọ́ dìde, òkè òpó ló ń gbà lọ bí eruku, kò ní sùúrù. Kẹrosíìnì á tẹ̀lé e, ẹni pẹ̀lẹ́. Dísẹ̀lì á yọ, ó ti sanra. Ọ̀dà ní tirẹ̀ kò ní jí láéláé, ìdí òpó la ti máa ń lọ kó o, kí a fi dí ojú ọkọ̀. Páìpù kan náà ni àwọn tó jí ń bá jáde, nítorí náà ẹni tó ń yí fáàfù gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti lọ tán kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún ẹni kejì. Tẹ́lẹ̀ rí, irin tín-ín-rín kan wà nínú òpó tó ń sọ bí ó ṣe gbóná tó. Iyọ̀ òkun jẹ ẹ́ láti ìta, ọ̀dà jẹ ẹ́ láti inú, àwọn tó ń rọ ọ́ sì ti kógbá wọlé. Orin ló kù tí a fi ń wọn àkókò. Ìyá mi kọ ọ́, èmi náà ń kọ ọ́:

*Ó jí, ó jí, ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́,*
*— Jẹ́ kó máa lọ.*
*Kò dúró bọ́jú, kò dúró jẹ pupurú,*
*— Jẹ́ kó máa lọ.*
*Má fà á láṣọ, ọ̀nà rẹ̀ jìn,*
*— Jẹ́ kó máa lọ, ẹni pẹ̀lẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.*

Ìgbà mọ́kànlélógún, pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ rẹ̀ tí n kò lè kọ síbí. Etí, ẹ̀rọ tó wà lókè òpó, á máa gbọ́, á máa ka ègbè. Bí ó bá kà á pé, á yí fáàfù sí ọ̀nà kẹrosíìnì fúnra rẹ̀, ọwọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ kàn án. Gáráwà tó bá kún, òun náà ló ń fi èdìdì rẹ̀ sí ìdérí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ ìròyìn fún Olóhùn, èmi tí mò ń kọrin òpó, ní Àgbékọ́ kí orin tó parí, torí ìròyìn máa ń yí èémí padà. Ìbáà ṣe ire, ìbáà ṣe ibi. Láti ìgbà tí mo bá ti jí, "Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀fun" nìkan ni wọ́n ń kí mi. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú ní ìdájí, wọ́n gbé pupurú àti ẹja fún mi, wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ọ̀rọ̀ edé, mo jẹun, mo gun òpó, mo kọrin, ìṣẹ́jú kan kò yẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n tó dì mí mú.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wé gèlè, Abósẹ̀dé fi ẹnu kàn mí létí. "Àríyìíké ti bí o. Ìbejì. Obìnrin méjì, làǹtì-lanti."

Ọmọ ọmọ mi bí ìbejì! Ta ni kò ní sáré kọrin?

*

Ẹnjiníà Akíndójútìmí ló ń bójú tó òpó, òun náà ló ń di òfin Etí mú. Ọmọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni, ooru iná ti sun irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí ìrùkẹ̀ àgbàdo. Yàrá rẹ̀ wà ní ìdajì òkè. A gun àkàsọ̀ irin lọ, òjò ń rọ̀ sórí òpó gbígbóná ó ń di kùrukùru lójú wa, Abósẹ̀dé ń ti ìdí mi láti ẹ̀yìn.

"Màmá, nínú òjò yìí?" Akíndójútìmí dìde. "Mo gbọ́ pé ìbejì délé! Ẹ kú ewu ọmọ o. Kí lẹ wá ń wá lókè ibí dípò kí ẹ máa jó?"

Mo gbé abọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, mo da epo sí i, mo na ìṣáná sí i. "Ṣá a fúnra rẹ. Ṣọ́ irùngbọ̀n rẹ."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó ṣá a. Kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tó fi ìwé pa iná náà.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Lẹ́nu páìpù kẹrosíìnì."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì wa kì í gbaná àfi tó bá gbóná ju ara èèyàn lọ. Etí ka ègbè pé. Mo wà níbí."

"Bi í léèrè bí orin náà ṣe gùn tó."

Ó yíjú sí ẹ̀rọ tó ń pa ohùn mọ́, ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ó dùn! N kò purọ́ fún yín. Ó ń fò bí ọmọ ewúrẹ́, àwọn elégbè ń sá tẹ̀lé e, ẹni tó bá gbọ́ ọ máa mọ̀ pé ilé kan ti bímọ.

Akíndójútìmí kò gbọ́ adùn níbẹ̀. Ó ń wo àwọn nọ́ńbà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ló máa ń gbà yín," ó wí jẹ́jẹ́. "Láti ogún ọdún. Tòní jẹ́ méjìdínlógójì."

"Márùn-ún ti sá lọ."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún tí bẹntiróòlù fi ń ṣàn lọ sínú táńkì kẹrosíìnì." Ó jókòó. "Ègbè ni mo ní kí Etí máa kà, Màmá. Mi ò ní kó wo aago. Mo sọ fún Ìgbìmọ̀ Àgbékọ́ pé èémí yín péye ju aago lọ."

"Ó péye títí di àárọ̀ òní. Dá ọkọ̀ padà."

"Ọkọ̀ náà kò ní ìtọ́kọ̀. Etí ló ń darí rẹ̀. Lémíkàn kàn ń bá a lọ kó gáráwà sílẹ̀ ni."

"Pè é nígbà náà, kó sọ fún wọn."

Ó fa ẹ̀rọ ìpè. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ohùn, ariwo omi àti ti èèyàn ló kọ́kọ́ wọlé. Lémíkàn kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹnjiníà! Mo ti gúnlẹ̀ sí Ẹ̀rúnnà! Wọ́n ti fẹ́ ya aṣọ mọ́ mi lára!"

"Lémíkàn, má jẹ́ kí wọ́n ṣí gáráwà kankan. Epo náà kò mọ́."

"Kí ni?"

"Bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀! Sọ fún wọn!"

A gbọ́ bí ó ṣe ń pariwo fún wọn. Ó gbìyànjú, ọmọ náà gbìyànjú. "Ẹ má ṣí i o! Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n ní kò mọ́!" Lẹ́yìn náà a gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín èèyàn púpọ̀, àti ohùn obìnrin kan tó mú bí abẹ. "Ta ló ní kò mọ́? Èdìdì Etí rèé tó ń tàn búlúù lójú mi! Ìwọ Lémíkàn, ibo lo tún fẹ́ gbé tiwa lọ? Sún kúrò lọ́nà kí n tó tì ẹ́ sómi!"

"Wọn ò gbọ́, Ẹnjiníà," Lémíkàn wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n ti wà nínú òkùnkùn, ẹ̀bi wọn kọ́. Wọ́n ti ń yí gáráwà àkọ́kọ́ lọ sórí afárá. Ojú ọjọ́ sì ti ń ṣú."

Akíndójútìmí gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ láì pa á. Ó wo abọ́, ó wò mí.

"Èdìdì nìkan ni wọ́n ń gbọ́," mo wí. "A gbọ́dọ̀ já èdìdì."

"Màmá."

"Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń já a."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò tíì rí i rí. Èmi ti rí i ní òpó àwọn ará ìwọ̀ oòrùn kó tó wó." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ẹ ó dúró síwájú Etí, ẹ ó ní ẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé ẹ ṣì í kọ. Á já èdìdì, gbogbo ìdérí á ti ara wọn pa. Á wá pa ohùn yín rẹ́. Láti òní lọ, bí ó bá gbọ́ yín tí ẹ kọrin níbikíbi ní Àgbékọ́, lójú rẹ̀ olè ló wọlé. Á paná ìdí òpó fún odindi oṣù kan. Ẹsẹ orin kan péré o! Nínú ilé yín, lórí ẹní yín. Ẹ ò ní lè rẹ ọmọ kan sùn mọ́."

Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín, n kò tíì rò ó dé ibẹ̀. Mo ti rò ó dé orí òpó, mo ti rò ó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀. Ọmọ tí mo máa rẹ̀ sùn kò wá sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, kò sí ọjọ́ kan tí n kò kọrin. Mo máa ń kọrin bí mo bá ń fọ ẹnu.

"Ọ̀nà mìíràn wà," Akíndójútìmí wí. Kò wo ojú mi. "Ta ló sọ ìròyìn ọmọ fún yín?"

Kí n tó la ẹnu, ó ti ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Nítorí mo gbọ́ orin yín. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ìròyìn kò lè kọ ọ́ báyẹn. Òfin ní ẹni tó bá kó ìròyìn bá Olóhùn ló ba orin jẹ́, kì í ṣe Olóhùn. Bí a bá dárúkọ ẹni náà síwájú Etí, èdìdì á já bákan náà. Ohùn yín á wà. Àwọn èèyàn á wà láàyè. Òpó á ní Olóhùn."

"Ẹni náà ńkọ́?"

"Wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lọ sórí ilẹ̀. Kò ní padà wá mọ́."

Abósẹ̀dé bọ́ síwájú. Omi òjò ṣì ń kán ní etí aṣọ rẹ̀. "Ẹ dárúkọ mi, Màmá."

"Panu mọ́."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ti mọ òfin kó tó di pé mo sọ ọ́. Inú mi ló dùn jù, mo ní kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ dárúkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí n má baà máa wò yín nínú ìdákẹ́."

Láti inú ẹ̀rọ ìpè, Lémíkàn ń pariwo pé wọ́n ti gbé gáráwà dé ẹnu ilé àkọ́kọ́, pé obìnrin ọ̀hún ti ní kí wọ́n kó gbogbo àtùpà jáde.

Ẹ má rò pé ọkàn mi mọ́ lójijì. Mo wo Abósẹ̀dé, mo sì rò ó. Mo rò ó dáadáa. Mo ní àbúrò rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, á rí ibi gbé. Mo ní ó ṣì lágbára. Mo ní òun ló kúkú sọ ọ́! Ìgbà yẹn ni mo tún gbọ́ ohùn ara mi, torí Akíndójútìmí kò rántí pa ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mo ṣì ń fò káàkiri inú rẹ̀ bí ọmọ ewúrẹ́. Mo mọ̀ dáadáa bí ara mi ṣe rí nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ní ègbè kẹsàn-án, nǹkan kan sọ fún mi pé kí n fa èémí. Mo gbọ́ ọ. Mo ní jẹ́ n gbádùn ara mi.

Mo bọ́ síta, sínú òjò, mo gun àkàsọ̀ tó kù.

*

Àwo bàbà ńlá ni Etí, ó ṣe kòtò bí ìkarahun òkun, ó dorí kọ pèpéle tí a ti ń kọrin. Omi òjò kì í dúró nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá dé iwájú rẹ̀, bàbà náà á gbọ̀n díẹ̀, bí awọ ẹṣin tí eṣinṣin bà lé.

"Ta ló dúró síwájú mi?" Ohùn rẹ̀ kì í ga, kì í lọ sílẹ̀.

"Èmi Mofẹ̀yìntì ni, Olóhùn Àgbékọ́."

"Àkókò orin kò tíì tó. Kí lo fẹ́?"

"Mo ṣì í kọ."

"Orin wo?"

"Ti bẹntiróòlù, láàárọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ yá jù."

"Ègbè mọ́kànlélógún ni mo kà. Ó pé."

"Ó pé ní iye. Kò pé ní èémí."

Bàbà náà gbọ̀n. Akíndójútìmí àti Abósẹ̀dé ti gun òkè dé, ẹ̀rọ ìpè wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ohùn Lémíkàn ń bọ́ níbẹ̀ bí omi inú agbè tó lu.

"Ṣé ẹlòmíràn ló fà á?" Etí béèrè. "Ṣé ẹnì kan mú ìròyìn wá?"

Abósẹ̀dé la ẹnu. Mo fi ọwọ́ mi bò ó. Ó gé mi jẹ díẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìròyìn kò kọrin," mo wí. "Èmi ni mo kọrin."

"Tún un sọ."

"Mo ṣì í kọ."

"Mo gbọ́. Òfin fún ọ ní orin kan gbẹ̀yìn, kí o tó di ẹni tí n kò mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi. Akíndójútìmí pàápàá kò mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ̀. Orin kan sì wà lẹ́nu mi. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, orin àwọn ọmọ méjì yẹn, mo ti tò ó tán láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ dé òkè, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta á gbà á, á tilẹ̀ ṣẹ́kù. Mo fa èémí. Èémí náà dé ìsàlẹ̀ ikùn mi, ó fẹ̀ níbẹ̀, ó dára, ó jẹ́ èémí tí mo yẹ kí n fà láàárọ̀.

"Wọ́n ti di ìdérí mú!" Lémíkàn ké. "Ẹnjiníà, ó ti ń yí i! Ọmọ kan gbé àtùpà dání, ẹ gbà mí o, ìṣáná wà lọ́wọ́ ẹnì kan!"

Mo jẹ́ kí èémí náà jáde lófìfo.

"N kò kọ ọ́," mo wí fún Etí. "Pa á rẹ́. Já èdìdì. Nísinsìnyí!"

"Ó parí," Etí wí.

Àìmọye ọdún ni mo ti ń dúró níwájú bàbà yẹn tí ó ń gbọ̀n fún mi. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo sọ̀rọ̀, mo ní, "Ṣé o ti ṣe é?" Kò gbọ̀n. Ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Abósẹ̀dé ti jókòó sílẹ̀, ó gbé orí sáàárín orúnkún. Akíndójútìmí gbé ẹ̀rọ ìpè sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àwa mẹ́ta ń wò ó.

Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ: kà, kà, kà, kà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pa ẹ̀kùrọ́, ọgbọ̀n ìdérí tó ń ti ara wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo èèyàn bo gbogbo rẹ̀. Mo dì mọ́ irin àkàsọ̀. Mo ń retí ìró kan, ìró tó ń wá lẹ́yìn tí iná bá pàdé bẹntiróòlù, èmi tí mo ti gbọ́ ọ rí nígbà èwe mi.

Kò wá.

"Lémíkàn!" Akíndójútìmí pè. "Lémíkàn, dáhùn!"

"Ó ti tì!" Ohùn náà fọ́. "Ó tì mọ́ ọn lọ́wọ́! Kò kán sílẹ̀ rárá, kò sí ẹ̀kán kan! Iná èdìdì ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ti sá sẹ́yìn, àfi, yéè! Ìyá! Ìyá, ẹ má lù mí! Ẹnjiníà, obìnrin yìí ń fi ìgbákọ lù mí lórí! Ó ní ẹja odindi agbọ̀n kan lòun ti kó fún mi, mo wá gbé gáráwà tí kò ṣeé ṣí fún òun!"

Bí ẹ̀rín ṣe bọ́ lẹ́nu mi, n kò mọ̀. Ó kàn jáde, ó ga, ó sì lọ.

Abósẹ̀dé fò dìde. Akíndójútìmí di apá mi mú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí bàbà náà, a ń wo ìdí òpó nísàlẹ̀, a ń dúró kí iná kú. Òjò ń rọ̀. Iná ń jó. Etí kò gbọ̀n, kò sọ̀rọ̀, kò pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Mo tún rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kejì yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ rín in. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, mo gbé e gun òkè, mo fà á gùn títí èémí tí mo ní yẹn fi tán. Etí kò mira, ẹ̀rín kò sí lára ohun tó ń pè ní orin. Ni Abósẹ̀dé, tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀, bá gbà á níbi tí mo já a sí, ó gbe ẹ̀rín náà lẹ́sẹ̀, èmi náà sì tún dá òmíràn.

"Màmá?" Lémíkàn ń pè láti Ẹ̀rúnnà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ìgbákọ irin ni o!"